Abdul-Rahim, Bàákì Ọmọ Tudu

"Zàíd, pa fáànù yẹn. Òtútù ń mú mi."

Ohun tí Abdul-Rahim sọ fún àbúrò rẹ̀ gbẹ̀yìn nìyẹn. Kò dágbére. Kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó fa aṣọ ìbora dé ọrùn, bẹ́ẹ̀ ooru Tudu, àdúgbò wọn ní Accra, ń jó èèyàn níta bí ẹni dúró ti ààrò.

Zàíd rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù nínú yìnyín Skọ́tláǹdì fún odindi ọdún méjì, òtútù Tudu ló wá ń mú yín?"

Rahim fa aṣọ ìbora bo orí. Zàíd pa fáànù, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn. Nígbà tó máa fi gbé wàákyé, ìrẹsì oní-ẹ̀wà, bọ̀ lọ́sàn-án, ìyá wọn ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ti ní ìrọ̀lẹ́ làwọn máa gbé e lọ sí ọsibítù. Ikú ò dúró de ìrọ̀lẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni.

Ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ mú Zàíd. Ìbínú ni. Ó bínú sí ibà, ó bínú sí ẹ̀rín tó rín. Ṣùgbọ́n èyí tó bí i nínú jù, ọjọ́ kẹjọ ló rí i.

Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹní níwájú ilé, wọ́n ń jẹ sàráà. Ọkùnrin kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ yọ fóònù jáde. Ó ń fi han ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni? Rahim Sílé! Wò ó, wò ó báyìí… Háà! Ó ti gbá a sílé ara rẹ̀!"

Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ejìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni.

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni fídíò náà. Pápá tútù kan ní Skọ́tláǹdì, òjò ń rọ̀. Bọ́ọ̀lù ń yí lọ sí ẹnu góòlù. Agbábọ́ọ̀lù dúdú kan sáré wọ inú àwòrán, ó na ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù bà á ní ojúgun, ó wọ inú àwọ̀n. Agbábọ́ọ̀lù náà dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó tán. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ já bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹnì kan fi orin ẹlẹ́yà sí i, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, ó sì dé Tudu ṣáájú Rahim fúnra rẹ̀.

Zàíd wá fídíò mìíràn títí lórí fóònù rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá yìí nìkan ló kù láyé.

Ogójì ọjọ́ ń bọ̀. Ní tiwọn ní Tudu, kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ àdúà fìdáù, ó máa bi àwọn èèyàn léèrè: irú èèyàn wo lẹni tó lọ yìí? Àgbà ilé á dìde, á jẹ́rìí. Gbogbo èèyàn á fi àmín sí i. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni orúkọ tó máa kù fún òkú. Ohun kan ṣoṣo ni Zàíd wá ń fẹ́: kí wọ́n sọ níbẹ̀, kí gbogbo Tudu gbọ́, pé bàákì gidi ni Abdul-Rahim.

Òótọ́ sì ni. Bàákì gidi ni.

Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Tudu ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn méètì tirótírò, àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ akérò, ti ń pariwo "Ashaiman! Ashaiman!" láti ìdájí. Bàbá bàbá wọn ló wá láti Ìnísà wá ta ọjà. Ilẹ̀ yanrìn tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń pàkì sí ni Rahim ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló fẹ́ gbá a wọlé, torí ẹni tó bá gbá a wọlé ni wọ́n ń gbé léjìká. Rahim lọ dúró sẹ́yìn, níbi tí àwọn bàákì ti ń dí ọ̀nà ilé.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ni wọ́n bi í.

"Mò ń ṣọ́ yín."

Kò sáré ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò ga. Ohùn ló ní. Kò dákẹ́ rí lórí pápá, bí ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́bàá títì. "Ọ̀tún rẹ! Má tẹ̀ lé e! Fi í sílẹ̀ fún mi!" Èyí tó sì jẹ́ tirẹ̀ jù ni: "Jáde!"

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà tí ọ̀tá bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sáàárín wọn, á kígbe "Jáde!" Gbogbo bàákì á sáré síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n so mọ́ okùn kan. Ọ̀tá tó dúró de bọ́ọ̀lù á bojú wẹ̀yìn, á rí i pé òun nìkan ló kù. Rẹfirí á fọn fèrè: ofúsáìdì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo ò bá jáde, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹgbẹ́ kan ní Ashaiman mú un. Ọmọ Gà wà níbẹ̀, ọmọ Ewé wà níbẹ̀, ọmọ Dàgóḿbà wà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kan, gbogbo wọn gbọ́ "Jáde!" Àwọn tó ń wòran á máa fi orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá bú u: "Anago! Alata! Máa lọ sí Lagos!" Rahim á yíjú sí wọn: "Mò ń lọ, ẹ̀yin ará. Bọ́ọ̀lù yín ń bá mi lọ."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é sí ibùdó àwọn ọ̀dọ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Ghana. Ìyá wọn sè, ó pín fún gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ karùn-ún, Rahim padà dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú mú páàsì ìrìnnà rẹ̀ wá. Páàsì aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Ti Nàìjíríà.

"Ọmọ Nàìjíríà ni ọ́," ni wọ́n sọ fún un. "Kí lo wá ṣe síbí?"

Ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kò dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀, ìsìnkú ló sì bá lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Bàbá Àkànó, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ló mú un lọ gba páàsì náà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, Bàbá Àkànó ni àgbà ilé. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Síbẹ̀, Skọ́tláǹdì wá. Ọkùnrin kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ wá wo bọ́ọ̀lù ní Ashaiman, ẹlòmíì ló wá wò. Bàákì ló mú lọ. Ìlú kékeré kan létí òkun, ìlú apẹja, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé bọ́ọ̀lù padà fún ẹni tó gbá a. Rahim máa ń pè láti ibẹ̀ pẹ̀lú fìlà, ìbọ̀wọ́ àti kòtù méjì nínú yàrá.

"Zàíd, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú."

"Irọ́ ni, bọ̀ọ̀dá."

"Mo fi Ọlọ́run búra. Mi ò mọ ìgbà tí mo fẹ́ kírun."

Ọdún méjì ni ìwé tí wọ́n fún un láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti tún un ṣe, wọ́n bi í: orílẹ̀-èdè wo lo ti gbá bọ́ọ̀lù fún? Kò sí. Wọ́n ní ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ò lè gba ìwé mọ́, ó dàbọ̀. Oṣù kan kí ìwé náà tó tán ni bọ́ọ̀lù inú òjò yẹn ṣẹlẹ̀. Tudu so méjèèjì pọ̀: ó gbá a sílé, wọ́n lé e wálé. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sílẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ sí i ní Ashaiman, wọ́n ń pè é ní Sílé lórí pápá. Ó bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta mílíìkì àti sàdíìnì.

Bàbá Àkànó ló tún máa ń dá àpárá náà jù. Níwájú àlejò, á na ọwọ́ sí Rahim: "Ọmọ àwọn ẹlòmíì lọ òkè òkun, wọ́n kó ẹrù wálé. Tiwa lọ, ó gbá bọ́ọ̀lù sílé." Rahim á rẹ́rìn-ín. Zàíd ò rí i kó bínú rí. Ìyẹn náà ń bí Zàíd nínú.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, kò mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ bá Bàbá Àkànó níbi tó jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fún un ní páàsì yẹn."

"Èmi ni."

"Tó bá jẹ́ ti Ghana ni, wọn ò ní lé e ní ibùdó. Tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ghana, wọn ò ní lé e ní Skọ́tláǹdì. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ tún wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá Àkànó ò gbójú sókè.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní 1969," ló wí. "Ìjọba Ghana ní kí gbogbo àjèjì máa lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bàbá wa ti ṣọ́ọ̀bù pa pẹ̀lú ọjà nínú, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó rò pé a máa padà lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù bí iṣu. Àbúrò mi obìnrin kú kí a tó dé Cotonou. Ẹ̀gbẹ́ títì la sin ín sí. Nígbà tá a padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mi ò mọ ibẹ̀ mọ́."

"Bàbá, ìyẹn ti pẹ́."

"Ìwọ ò sí nínú ọkọ̀ náà." Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. "Ẹni tó ní ilé kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé e níbẹ̀, ibo ló máa sùn? Mo fún ọmọ àbúrò mi ní ibi tó máa sùn sí. Máa lọ."

Zàíd lọ.

Lọ́jọ́ náà ló kọ̀wé lórí fóònù sí ẹgbẹ́ tí Rahim ti gbá bọ́ọ̀lù ní Skọ́tláǹdì. Kò mọ ìwé púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò jinlẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló kọ: Rahim ti kú. Èmi ni àbúrò rẹ̀. Ṣé ẹnì kan mọ̀ ọ́n níbẹ̀, tó lè sọ bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù? Ó dúró. Ọ̀sẹ̀ kan, kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń yẹ fóònù wò nígbà tó ń fún ẹni tó ra ṣúgà ní ṣẹ́ńjì. Ìyá rẹ̀ ní, "O máa fọ́ nǹkan yẹn."

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ogójì pé nígbà tí ohùn òyìnbó kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Zàíd fetí sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbọ́ "Rahim". Kò gbọ́ ohun mìíràn.

Ó sáré lọ bá Àǹtí Phoebe, oníbàárà wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì lódìkejì títì. Ọmọ Yorùbá ni, ará Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán. Wọ́n dúró lábẹ́ òjìji ògiri báǹkì. Àǹtí Phoebe gbé fóònù sétí. Ojú rẹ̀ hunjọ.

"Zàíd, Gẹ̀ẹ́sì ni?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn, àǹtí."

"Dúró ná. Ará Skọ́tláǹdì ni, ọ̀rọ̀ ń yí lẹ́nu wọn bí òkúta." Ó dá ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Ó ní Kálọ́mù lorúkọ òun. Bàákì lòun náà. Òun àti Rahim ló jọ ń dúró láàárín. Òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, iṣẹ́ òrùlé lòun ń ṣe… Ó ní òun sunkún. Ó ní òun ò mọ èdè yín, àmọ́ òun mọ ọ̀rọ̀ kan…"

Ohùn òyìnbó náà bú jáde láti inú fóònù: "Jáde! Jáde!"

Àǹtí Phoebe fẹ́ẹ̀ ju fóònù nù. Ọlọ́dẹ báǹkì yíjú sí wọn. Àǹtí ké: "Olúwa o! Kí ló ń lé jáde?"

Zàíd dúró bí igi. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ máa bá a lọ, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́."

Àǹtí bá a lọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń dá ohùn náà dúró, ó ń túmọ̀. Kálọ́mù ní ohùn Rahim ni àwọn bàákì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń rìn. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wọn ò fi já bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ẹnu Rahim ni. Ó ní ní ti bọ́ọ̀lù inú òjò yẹn, Rahim kígbe, àwọn yòókù jáde. Òun Kálọ́mù ò jáde. Òun ti mu ọtí lóru, orí òun ò pé síbẹ̀. Torí òun, ọ̀tá kọjá láìsí ofúsáìdì, ó gbá a kọjá aṣọ́lé. Bọ́ọ̀lù ti ń wọlé lọ. Rahim sáré láti àárín pápá láti lọ yọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bà gbẹ̀yìn, wọ́n kọ ọ́ sí i lọ́rùn. Ẹni tó ṣe fídíò gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Ó ní òun fẹ́ lọ sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn," ni Àǹtí Phoebe wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Rahim ní kó fi sílẹ̀. Ó ní, 'Èmi ń lọ, ìwé mi ti ń tán. Ìwọ lo máa kù láàárín wọn.' Kálọ́mù ní òun dákẹ́. Ó ní ọdún márùn-ún nìyí, òun ṣì dákẹ́. Ó ní kó o dárí ji òun."

Zàíd gba fóònù rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ṣé ẹ̀gbọ́n òun wálé, ó jókòó ti mílíìkì àti sàdíìnì, wọ́n ń pè é ní Sílé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni? Kò sọ fún òun pàápàá?

Ó lọ bá Bàbá Àkànó. "Bàbá, mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ fìdáù, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Ọmọdé kì í jẹ́rìí òkú níwájú àgbà."

"Ṣé ẹ máa wá bá mi sọ ti bọ́ọ̀lù? Mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òkú, Zàíd."

Ogójì ọjọ́ pé. Ẹní kún iwájú ilé títí dé ẹnu títì. Àlùfáà béèrè. Bàbá Àkànó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Ọmọ rere ni. Ó ń kírun. Ó ń gbààwẹ̀. Kò rí ìyá rẹ̀ fín. Kò bá ẹnikẹ́ni jà." Ó jókòó. Wọ́n ní "Àmín." Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n sọ nígbà tí bàbá tó ń ta bàtà kú lóṣù tó kọjá.

Àlùfáà fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Zàíd dìde. Ìyá rẹ̀ fa etí aṣọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kò jókòó.

"Àlùfáà, ẹ forí jì mí. Ó ku ọ̀kan." Yorùbá tó ti tò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà fọ́nká, Twi já wọ àárín rẹ̀. "Bọ́ọ̀lù yẹn… ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n mi kọ́. *Ɛnyɛ ɔno,* òun kọ́. Ẹnì kan ò jáde. Ó kígbe, ẹni yẹn ò jáde. Ó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Ó sáré lọ ni. Ó bá a rù ú ni…"

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ẹnì kan bi ẹlòmíì: "Ta ni ò jáde?" Ọkùnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní, "Fídíò yẹn ló ń wí." Ẹ̀rín rú lápá ọ̀tún, wọ́n fi ikọ́ bò ó.

Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àánú Zàíd ṣe é. "Jókòó, ọmọ mi. Ó yé wa. Kò sí ẹ̀dá tí kì í ṣàṣìṣe." Ó yíjú sí ìjọ. "Bọ́ọ̀lù tí Abdul-Rahim gbá sílé, kí Ọlọ́run fi orí rẹ̀ jì í."

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí. Ó dún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Zàíd jókòó. Kí ló kù? Wọ́n ka àdúà, wọ́n pín sàráà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ.

Nígbà tí ilé dá, Bàbá Àkànó wá dúró tì í. "Ta lẹni tó ò ń wí pé o rí?"

Zàíd tẹ fóònù. Ohùn Kálọ́mù bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àkànó tẹ orí sí i, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ òjò.

"Kí ló ń wí?"

Zàíd lanu. Ó ronú páàsì, ó ronú ofúsáìdì, ó ronú ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, Bàbá."

"Ó ṣeun. Bá mi kí i." Bàbá Àkànó mi orí, ó wọlé lọ.

Zàíd kó ẹní jọ. Wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án, mọ́sáláṣí ló ni mẹ́fà nínú wọn, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ní kó dá wọn padà. Ọbẹ̀ ti ta sórí èyí tó wà níwájú. Ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì, ó fi ọṣẹ sí kànìnkànìn. Ó fọ̀ ọ́ títí tí epo náà fi ṣí, ó da omi lé e, ó yí i padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀yìn rẹ̀.